Bátìrì Kò Jẹ̀bi, Rédíò Náà Kò Jẹ̀bi

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Bẹẹrẹ ni mí, Máíkírà ni mo ń wà, láti Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba, láti Ọjà'ba sí Mọ́lété. Láti ìgbà Iléyá tó kọjá ni rédíò ọkọ̀ mi ti ń fi mí ṣẹ̀sín. Èmi ni mo fi owó ara mi ra rédíò oní-USB náà. Mo ra ańpílífáyà kékeré kan tó wà lábẹ́ àga, mo ra wúfà tó wà nínú búùtù, nítorí pé èrò ọkọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, bí kò bá gbọ́ orin Epo Àkàrà tàbí ìròyìn rédíò Àmúlùdùn, á máa bi ọ́ bóyá òkú lo gbé. Ọmọkùnrin àdúgbò kan ló bá mi so ó ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó. Ìyàwó rẹ̀ àti ìyàwó mi jọ ń tajà ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tójú mi ń rí rèé. Bí mo bá pa ọkọ̀ lálẹ́, tó bá di àárọ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò tí mo ti fi pamọ́ á ti pòórá, aago rẹ̀ á máa ka òdo. Màá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá 99.1 ti Àmúlùdùn kiri, èrò á sì ti wà lẹ́yìn. Èkejì, n kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ Sátidé, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bátìrì á ti kú fin-ín, àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n á bá mi tì í. Láàárín ọ̀sẹ̀ wàyí, bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ti dáhùn. Ẹ̀kẹta, gbàrà tí ọkọ̀ bá ti ta, ìró kan á máa hu nínú sípíkà bí ẹ̀fọn. Bí mo bá tẹ tọ́tù, á gòkè. Bí mo bá fi sílẹ̀, á wálẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí èrò bá ṣí ilẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, sípíkà ibẹ̀ á ta pá-pá, rédíò á dákẹ́ pátápátá, tó bá ṣe díẹ̀ á tún máa sọ̀rọ̀ lọ. Bí mo bá sì yí ohùn sókè jù, á máa kú, á máa tàn.

Rewaya kan ní Gáàtì ní kí n ra bátìrì tuntun. Mo rà á. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, òun náà kú. Èkejì ní rédíò ayédèrú ni, kí n yọ ọ́ sọnù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n ń bá mi jà ni. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ó ṣeé ṣe kí n fúnra mi wò ó? Mi ò sì fẹ́ bá ọmọ tó so ó jà o.

Bàbá Rídíwàn, Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Bàbá Rídíwàn, ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ sì kú ìnáwó bátìrì. Kò sẹ́ni tó ń bá yín jà. Bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́, nítorí àìsàn mẹ́rin lẹ kà sílẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní wáyà tirẹ̀. Oògùn kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn rewaya méjèèjì tí ẹ lọ bá fẹ́ fi wo gbogbo rẹ̀. Èmi kò rí ọkọ̀ yín o, ìwé yín nìkan ni mo kà. Torí ẹ̀, ohun tí mo bá sọ, màá sọ bí ẹ ó ṣe fi ojú ara yín rí i bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì àkọ́kọ́. Rédíò tó ń gbàgbé nǹkan lóru àti bátìrì tó ń kú lọ́jọ́ Ajé, èèyàn á rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Rédíò tó bá gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ lálẹ́, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni. Èyí tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ló máa fi mu bátìrì gbẹ? Ohun tó ń mu bátìrì yín kì í ṣe rédíò rárá. Nǹkan mìíràn wà nínú ọkọ̀ yẹn tí kì í sùn, a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ti rédíò ná. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná fún un. Dúdú ń lọ sára bọ́dì ọkọ̀. Yẹ́lò gbọ́dọ̀ ní iná tọ̀sán-tòru, kọ́kọ́rọ́ ìbáà wà lójú ihò rẹ̀ tàbí kó wà lápò yín. Òun ni rédíò fi ń rántí ilé iṣẹ́ àti aago, òun náà ló sì ń gba iná tó pọ̀ jù, èyí tó fi ń kọrin. Pupa kò nílò ju iná díẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí rédíò mọ̀ pé ẹ ti yí kọ́kọ́rọ́. Yẹ́lò láti orí bátìrì, pupa láti orí kọ́kọ́rọ́: bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Ohun tí mo fura sí ni pé ọmọ ìsàlẹ̀ Màpó yẹn fún yẹ́lò àti pupa pọ̀, ó sì so àwọn méjèèjì mọ́ wáyà kan ṣoṣo tó ń bọ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀nà àbùjá ni, ó sì wọ́pọ̀ bí ẹ̀kọ. Lójú ẹsẹ̀ ni rédíò á sọ̀rọ̀, oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sanwó, á lọ. Ó dàárọ̀ kó tó rí i pé aago ń ka òdo. Èyí kan náà ló jẹ́ kó máa kú, kó máa tàn nígbà tí ẹ bá yí ohùn sókè. Wáyà orí kọ́kọ́rọ́ yẹn tín-ín-rín, àwọn nǹkan mìíràn sì ń mu níbẹ̀. Bí báàsì bá lù, tí rédíò béèrè iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára iná á já wálẹ̀, rédíò á sì pa ara rẹ̀.

Ẹ ra mítà kékeré kan ní Ògùnpa tàbí ní Àràròmí ní Gáàtì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára owó bátìrì tí wọ́n jẹ́ kí ẹ rà. Ẹ yí i sí 20 lápá ibi tí wọ́n kọ DC sí. Ẹ fi ọ̀pá dúdú kan irin ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà, kí ẹ mú ọ̀pá pupa dání. Kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lójú ihò. Ẹ kan yẹ́lò: ó yẹ kó ka nǹkan bíi 12.6. Ẹ kan pupa: òdo ló yẹ kó kà. Ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí ọkọ̀ má tíì ta: àwọn méjèèjì ló yẹ kó ka 12 àti díẹ̀. Ẹ ta ọkọ̀: mítà á gòkè sí àárín 13.8 àti 14.4, torí ọ́tánétọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bátìrì lóúnjẹ. Bí yẹ́lò bá ka òdo nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín, ẹ ti mú olè àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí 14 náà kò bá sì yọjú nígbà tí ọkọ̀ ta, ọ́tánétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ síbi àtúnṣe, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ rédíò sílẹ̀ ná.

Mo ní láti dúró díẹ̀ síbí, nítorí àwọn tó máa ka ìdáhùn yìí kì í ṣe onímáíkírà nìkan. Àwọ̀ tí mo ń pè yìí, àwọ̀ wáyà lẹ́yìn rédíò tí wọ́n ń tà lọ́jà ni. Wáyà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í bára mu. Ẹ wo Toyota, tó kún gbogbo ìgboro yìí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà tó ní iná tọ̀sán-tòru jẹ́ búlúù tó ní ìlà yẹ́lò, ti kọ́kọ́rọ́ jẹ́ àwọ̀ eérú, ti bọ́dì sì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Yẹ́lò, pupa àti dúdú ti Toyota kọ́? Wáyà sípíkà ẹ̀yìn ni wọ́n! Ẹni tó bá so yẹ́lò mọ́ yẹ́lò, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, sípíkà ló fẹ́ gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa bú rédíò. Ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ń sọ ní ayédèrú láàárín ìlú yìí, bí wọ́n ṣe so wọ́n nìyẹn.

Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ISO lẹ́yìn rédíò, méjì tó ní ihò mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ọ̀kan jẹ́ ti iná, ọ̀kan jẹ́ ti sípíkà. Nínú ti iná, ihò 4 ni iná tọ̀sán-tòru, ihò 7 ni ti kọ́kọ́rọ́, ihò 8 ni bọ́dì. Bí wọn kò bá tíì gé ti inú Máíkírà yín dànù, ẹ dúpẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan náà tún máa ń gbé 4 sí ipò 7, kí wọ́n gbé 7 sí ipò 4, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gba mítà gbọ́ ju àwọ̀ àti nọ́ńbà lọ. Yẹ́lò kan ṣoṣo wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: bí ẹ bá rí ìdì wáyà tí wọ́n fi róbà yẹ́lò bò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí lábẹ́ sítíárì, ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà ìjàm̀bá ni. Ẹ má gé e, ẹ má fi mítà tọ́ ọ.

Ó yá, ẹni tí kì í sùn. Lálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, tí ẹ ti ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá ṣílẹ̀kùn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ àga. Bí iná kékeré orí ańpílífáyà yẹn bá ṣì ń tàn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ fọwọ́ bà á. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ kò gbọ́ orin kankan láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ojú mẹ́ta ni wọ́n ń so iná mọ́ lára ańpílífáyà, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí i lára. B+ ń gba wáyà nínípọn láti orí bátìrì. GND ń lọ sára bọ́dì. REM, èyí tó wà láàárín wọn, ló yẹ kó máa gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ wáyà búlúù tó ní ìlà funfun lẹ́yìn rédíò. Rédíò tàn, ańpílífáyà tàn. Rédíò kú, òun náà kú. Ẹni tí kò bá fẹ́ fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn láti iwájú wá sábẹ́ àga á gé wáyà kúkurú kan, á fi so REM mọ́ B+ lójú ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ańpílífáyà kò ní pa ojú dé mọ́.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ańpílífáyà tí kò kọrin ń mu 0.8 áńpíà. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé jẹ́ wákàtí 34. Ìyẹn á mu nǹkan bíi 27 lára bátìrì tí wọ́n kọ 45Ah sí lára. Ó ti ju ìdajì lọ, èyí tó sì kù kò ní lè yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, pàápàá bí bátìrì náà bá ti gbó. Láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá péré lẹ fi ń sùn. Kò ju nǹkan bíi 8 lọ tó bá lọ lára 45 yẹn, ọkọ̀ ta, ọ́tánétọ̀ sì ń dá a padà bí ẹ ṣe ń gbé èrò kiri. Ìdí rèé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan ni bátìrì yín ń kú. Bátìrì tó ti bàjẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí ọjọ́ Ẹtì. Ó yẹ kí rewaya Gáàtì yẹn ti bi yín léèrè ọjọ́ tó ń kú kó tó tà á fún yín.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ yọ wáyà kúkurú yẹn, kí wọ́n fa tuntun láti ara búlúù onílà funfun lọ sí REM. Kí ẹ ṣọ́ra fún búlúù tí kò ní ìlà: ti eríàlì ni. Lára ọ̀pọ̀ rédíò, nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ilé iṣẹ́ rédíò nìkan ni ó máa ń ní iná. Bí wọ́n bá so REM mọ́ ọn, wúfà á máa lù fún Àmúlùdùn, á sì yadi bí ẹ bá ti fi USB sí i.

Kí ẹ tó kúrò lórí ańpílífáyà, ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tí ẹ kọ lọ, ẹ kò sì kọ ọ́. Wáyà nínípọn tó ń ti orí bátìrì lọ sábẹ́ àga, ṣé fíùsì wà lára rẹ̀? Kó wà níwájú, nítòsí bátìrì, kó má jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ lọ. Wáyà yẹn gba inú irin tó pín ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kọjá, ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹnu irin bá ge ara rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, tí kò sì sí fíùsì tó máa já, bátìrì á tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Róbà á yọ́, kápẹ́ẹ̀tì á gbiná, epo bẹntiróòlù sì wà lẹ́yìn. Bí ẹ kò bá rí fíùsì níbẹ̀, ẹ yọ wáyà náà kúrò lórí bátìrì lónìí, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ máa ráyè. Bí ẹ bá sì rí i pé fíùsì ẹ̀yìn rédíò, tó yẹ kó jẹ́ 10 tàbí 15, ni wọ́n ti fi bébà sìgá wé, ẹ yọ ọ́ jù sínú gọ́tà. Mo ti rí i rí, ẹni tó ṣe é sì ń yangàn pé òun dọ́gbọ́n sí i.

Ìró bí ẹ̀fọn. Ó ń gòkè bí ẹ bá tẹ tọ́tù, nítorí ọ́tánétọ̀ ló ń hu, ó sì rí ihò gbà wọ inú orin. Ilẹ̀kùn tó sábà máa ń gbà ni GND. Ọ̀pọ̀ ló ń wá bóòtì tó bá sún mọ́ wọn lábẹ́ àga, wọ́n á fi wáyà há a, ó tán. Ọ̀dà ọkọ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, ìpẹtà kì í jẹ́ kó kọjá, iná á wá máa wá ọ̀nà mìíràn padà sí bátìrì, á gba ara okùn RCA tó gbé orin wá láti ẹ̀yìn rédíò. Ẹ tú GND, ẹ fi sándípépà ha ojú irin náà títí á fi máa dán, kí ẹ fi bóòtì dè é pinpin, kí ẹ wá fi gíríìsì díẹ̀ bo orí rẹ̀ kó má dípẹtà. Wáyà GND náà kó kúrú, kó sì nípọn bíi ti B+. Láti mọ̀ bóyá ó dára, ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, ẹ fi ọ̀pá mítà kan sí orí GND ańpílífáyà, èkejì sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ohun tí mítà bá kà gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo; bó bá ti kọjá 0.2, kò tíì mú. Bí wọ́n bá sì di okùn RCA àti wáyà iná nínípọn pọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí wọ́n tú wọn: ọ̀kan gba apá òsì, ọ̀kan gba apá ọ̀tún.

Ilẹ̀kùn ọ̀tún ló kù. Ẹlòmíràn tí kì í gbé èrò, ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ lè má ṣí ju ìgbà mẹ́rin lọ lójúmọ́. Tiyín, ní Bẹẹrẹ nìkan kí oòrùn tó yọ, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Wáyà sípíkà gba inú róbà oníṣẹ́po tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti òpó ọkọ̀. Níbẹ̀ ló ti ń tẹ̀, tó ń nà, tó ń tẹ̀, tí bàbà inú rẹ̀ á fi já fọ́nrán-fọ́nrán, tí ike ara rẹ̀ á sì bó. Ẹ fa róbà yẹn kúrò lójú ihò rẹ̀ lápá òpó, ẹ ó rí i.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí gbogbo rédíò fi ń dákẹ́ nítorí sípíkà kan? Nínú rédíò àtijọ́, wáyà nẹ́gétíìfù sípíkà lè wà lára bọ́dì, kò sí nǹkan tó máa ṣe. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà sípíkà méjèèjì ni rédíò ń fi agbára ti, méjèèjì ló ní nǹkan bíi fólítì mẹ́fà lára nígbà tí rédíò bá ń ṣiṣẹ́. Èyíkéyìí tó bá fara kan irin ọkọ̀, bríjì ni. Rédíò á rí i, á pa ohùn kó má baà jó. Bí ilẹ̀kùn bá padà sípò, tí wáyà kúrò lára irin, á tún sọ̀rọ̀. Àánú ara rẹ̀ ló ń ṣe é. Èyí tí ẹnì kan ní kí ẹ jù sọnù yìí mọ nǹkan tó ń ṣe.

Ẹ yọ wáyà sípíkà náà kúrò lẹ́yìn rédíò, kí ẹ wá mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, oní-1.5, kí ẹ fi wáyà méjèèjì kàn án lórí àti nídìí, kí ẹ yára yọ ọ́. Bí sípíkà bá fò, tó dún gbì, ó wà láàyè. Ẹ ní kí Rídíwàn máa ṣí ilẹ̀kùn kó máa tì í bí ẹ ṣe ń kàn án: ibi tí kò bá ti dún mọ́ ni wáyà ti já. Ẹ yí mítà sí òómù, sípíkà oní-4 máa ń ka nǹkan bíi 3 àti díẹ̀ sí 4. Láti ara wáyà kọ̀ọ̀kan sí irin ọkọ̀, mítà kò gbọdọ̀ rí ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ wáyà yìí rán mi létí ayé àtijọ́. Ní 1939, nígbà tí rédíò olókùn tí àwọn èèyàn wá mọ̀ sí Rediffusion dé Ìbàdàn, ohùn kì í ti ojú ọ̀run wá sínú àpótí yẹn. Wáyà ló gbà wọlé, àpótí náà kò sì ní ibi tí èèyàn ti ń wá ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí wáyà bá gbé wá ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn àgbàlagbà ìgbà náà mọ̀ pé bí àpótí bá yadi, ìta ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò. A ti wá ní rédíò tó ń gba ohùn láti ojú ọ̀run, a sì gbàgbé pé láti ibi tó ti gbà á dé etí wa, wáyà náà ló ṣì ń gbà.

Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè fúnra yín wò ó. Wíwò, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ fi mítà wò, kò sí èyí tó ju ọwọ́ yín lọ. Síso ni kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì ṣe. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n fi sípánà 10 tú nẹ́gétíìfù kúrò lórí bátìrì. Nẹ́gétíìfù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, òun ni wọ́n ń dá padà gbẹ̀yìn. Kí wọ́n má fi ọwọ́ fún wáyà pọ̀ kí wọ́n sì fi tépù dúdú wé e. Ẹ mọ bí inú ọkọ̀ ṣe ń gbóná nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ọ́ lórí òkè Màpó lọ́sàn-án: gọ́ọ̀mù tépù yẹn á yọ́, á ṣí, wáyà á wà níhòòhò. Kí wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì sí i, kí wọ́n ti ki róbà tó ń fún bí iná bá kàn án bọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá fún un. Wáyà ilẹ̀kùn ní tirẹ̀, kí wọ́n má ṣe jó ojú so inú róbà oníṣẹ́po, nítorí ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá wà kì í tẹ̀ mọ́, á tún já. Kí wọ́n fa odidi wáyà rírọ̀ tuntun láti òpó dé ìdí sípíkà.

Ti ọmọkùnrin yẹn wá. Òun náà ni kí ẹ pè. Bí ẹ bá lọ bá ẹlòmíràn, ẹ ó sanwó tuntun, ọ̀rọ̀ á sì rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó nínú ọjà, wọ́n á ní ẹ ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́. Ẹ pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ má sọ pé ó bà á jẹ́. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé mítà lé e lọ́wọ́, kí ẹ ní: "Bá mi kan yẹ́lò yìí wò." Bó bá ka òdo, òun fúnra rẹ̀ á rí i. Ẹ ní kó wo abẹ́ àga. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tí kò ní mítà, àwọ̀ ló máa fi ń so wáyà, mi ò sì bínú sí i fún ìyẹn. Ó yẹ kó tún un so lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ̀yin sanwó wáyà, róbà àti lẹ́ẹ̀dì. Ti fíùsì orí bátìrì nìkan ni mi ò ní bá yín dá sí ọ̀rọ̀ àlàáfíà: bó bá ní kò pọn dandan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ wá ẹlòmíràn.

Bátìrì tuntun tí ẹ rà, ó ti kú pátápátá lẹ́ẹ̀kan, kò sì yẹ kó tún kú bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ chaji rẹ̀ kún dáadáa kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá tún gbogbo rẹ̀ so tán, kí ẹ yí mítà sí 10A, kí ẹ gbé ọ̀pá pupa rẹ̀ sí ojú ihò tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí, kí ẹ tú nẹ́gétíìfù, kí ẹ fi mítà sí àárín òun àti orí bátìrì. Kọ́kọ́rọ́ kúrò, ilẹ̀kùn títì, kí ẹnikẹ́ni má sì ta ọkọ̀, torí mítà á jó. Ohun tó ń lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sùn kò yẹ kó ju 0.05 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa yọ fíùsì ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yọ tí mítà já wálẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ìró ẹ̀fọn yẹn nìkan bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ ti ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ GND, ẹ yọ okùn RCA méjèèjì kúrò lára ańpílífáyà nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ gbọ́ bóyá wúfà ṣì ń hu. Ẹ kọ ọ́ sí mi bó bá dákẹ́ tàbí bí kò bá dákẹ́, kí ẹ sì sọ ibi tí wọ́n so wáyà dúdú ẹ̀yìn rédíò mọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.